Àmì Mẹ́jọ Tí Mo Pa Rẹ́ Lára Fèrèsé Àbẹ̀kẹ́

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, ẹ ní kí n kọ̀wé nípa iṣẹ́ tí mo ṣe láyé, kí ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń yan iṣẹ́ lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa rẹ́rìn-ín. Ẹni ọdún márùndínlógójì, tó ṣì ń pọn ọmọ sẹ́yìn, ló ń sọ pé òun ti fẹ̀yìn tì! Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlá ni mo fi tún fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe, mo ti gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, mi ò sì ní gbé e mọ́. Màá sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ṣùgbọ́n orúkọ àgbàlagbà kan wà tó bàjẹ́ nínú ìjọ yìí nítorí ọwọ́ mi. Orúkọ yẹn ni mo fẹ́ fọ̀ mọ́ kí n tó kúrò lórí ìwé yìí. Ẹ ní sùúrù fún mi, ojú ń tì mí.

Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo dé Atlanta. Ìwé girama ni mo kà mọ, ní Ìbàdàn. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ló gbà mí sílé ní Lithonia níbí, ó sì bá mi wá iṣẹ́ sí warehouse kan ní Union City. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lẹ ìwé mọ́ páálí títí shift á fi parí. Ẹ̀gbẹ́ warehouse yẹn ni ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ga bíi ti gáréèjì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo jókòó síta, mò ń jẹun, ni mo rí bàbá kan tó ń gbé fèrèsé aláwọ̀ mèremère sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀, tó ń bá fèrèsé náà sọ̀rọ̀ bíi pé èèyàn ni. Yorùbá ló ń sọ.

"Rọra o, ìyá àgbà. Rọra. A ti délé."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Ó wẹ̀yìn.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Wá bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú!"

Bí mo ṣe ríṣẹ́ nìyẹn. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kó tó wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Bàbá Ṣèyí ni gbogbo èèyàn ń pè é, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó lọ sí ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlú àwọn tó ń fi irun àgùntàn hunṣọ, ibẹ̀ ló ti fi ọdún méje kọ́ṣẹ́ gíláàsì. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ ríṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Atlanta ni wọ́n jọ kó wá síbí. Ìyàwó ti kú kí n tó mọ̀ ọ́n. Ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ funfun, ṣọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú, ẹnikẹ́ni tí fèrèsé rẹ̀ bá ti wọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá.

Ẹ̀yin tí ẹ rò pé kíkọ́ṣẹ́ ni kí ọ̀gá fi ọ̀nà hàn yín lórí fóònù, ẹ gbọ́. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, ilẹ̀ ni mo gbá, ọwọ́ ni mo fọ̀. Òjé ni wọ́n fi ń so gíláàsì pọ̀ nínú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, òjé sì ni ọ̀tá wa. Kò ní òórùn, kò ní adùn, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀ lọ. Bàbá ní kí n gé èékánná, kí n fọ ọwọ́ dé ìgúnpá, kí n má sì jẹ ohunkóhun nínú ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan ó gbọ́ tí nǹkan dún wọ́ṣọ́wọ́ṣọ́ lápò mi. Ẹ̀pà ni. Ó gbà á, ó dà á nù, ó ní kí n máa lọ sílé.

"Ẹ̀pà lásán, sà!"

"Ẹ̀pà lásán ni kí wọ́n kọ sára pósí ẹ, àbí? Ó yá, òde."

Ọjọ́ kejì kò dá mi lóhùn àárọ̀ títí mo fi na ọwọ́ mi méjèèjì kó yẹ̀ wọ́n wò.

Lẹ́yìn ilẹ̀ gbígbá ló kan gígé. Ó kó àfọ́kù gíláàsì fèrèsé ilé fún mi, ó ní kí n máa gé e tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í wò mí. Ó máa ń kọ ẹ̀yìn sí mi, á máa ṣe tirẹ̀, etí ló fi ń wo iṣẹ́ mi. Tí ọ̀bẹ bá gba gíláàsì dáadáa, á dún bí ìgbà tí wọ́n ń ya aṣọ tuntun. Tí kò bá gbà á, á máa ha kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́.

"Kò dún," Bàbá á wí.

Màá tún gé òmíràn.

"Kò dún."

Oṣù méjì. Mo sunkún dé ilé Àǹtí mi, mo ní bàbá náà fẹ́ fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Àǹtí ní, "Ṣé ó ti nà ọ́?" Mo ní rárá. Ó ní, "Jẹun kí o lọ sùn, iṣẹ́ lò ń kọ́." Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo gé ọ̀kan, Bàbá dá ọwọ́ dúró, kò wẹ̀yìn, ó ní, "Ó dún." Ẹ gbà mí gbọ́, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó mi inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin tó ju gbogbo òfin rẹ̀ lọ ni èyí: wò ó kí o tó nù ún. Àwọn tó ya àwòrán sára gíláàsì láyé àtijọ́, ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kọ ojú, irun àti lẹ́tà, wọn á sì fi í sínú iná kó lè mú. Èéfín ọgọ́rùn-ún ọdún náà dúdú. "Ìdọ̀tí àti ọ̀dà, ọmọ ìyá ni wọ́n," Bàbá máa ń wí, "ojú wọn jọra, ìwà wọn ló yàtọ̀." Nítorí náà, kí omi tó kan fèrèsé, ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a ó tẹ́ lé e, a ó fi ìda dúdú ra á, gbogbo ìlà àti gbogbo tóótó á jáde sórí ìwé. A ó gbé e nàró, a ó kà á, a ó bi ara wa léèrè. Ìgbà tí ọdún kẹta pé tí mo ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, tí Bàbá gbé ọwọ́ lé mi lórí níwájú Àǹtí tó sì fún mi ní ọ̀bẹ gíláàsì tèmi, gbólóhùn yẹn nìkan ló sọ ní gbogbo ìwàásù rẹ̀. Wò ó kí o tó nù ún.

Irinṣẹ́ ń yí padà, ẹ̀yin náà á bá a pàdé. Ayọ́n tí a fi ń yọ́ òjé mọ́ra, oníná gáàsì ni mo bá a, kó tó di oníná mànàmáná. Ohun tó ya èmi àti Bàbá ni fóònù. Ìwé rírà pẹ̀lú ìda lè gba ilẹ̀ ọjọ́ kan; fóònù, ìṣẹ́jú kan. Bàbá ní, "Fóònù ò fọwọ́ kan nǹkan. Ó kàn ń wò ó lókèèrè bí àlejò." Mo ń bá a jà lórí rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Nígbà tó yá ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, bí ẹni ń wò láti inú kùrukùru. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi èmi. Ó wá rí i pé mo lè fẹ àwòrán lójú lórí fóònù, mo sì lè sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Bó ṣe gbà nìyẹn. Láti ìgbà náà ni mo ti di ojú Bàbá, ìwé àti ìda sì wọ inú dúrọ́ọ̀.

Ní báyìí ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì tí fèrèsé wa ti wá, nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa ń rò pé Atlanta ni wọ́n ti ṣe é.

Ìwé pẹlẹbẹ kan wà lórí pákó lókè ibi tí a ti ń fọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, èèpo rẹ̀ pọ́n bí omi tíì. Ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì tí Bàbá ń lọ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú rẹ̀. Ayé Ọbabìnrin Fitóríà ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí àwọn ahunṣọ rọ́ kún ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kò gbà wọ́n mọ́. Òkúta tó pọ́n bí oyin ni wọ́n fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún níbẹ̀ tó fẹ́yàwó, èéfín ilé iṣẹ́ aṣọ ti sọ ọ́ di dúdú kirikiri. Wọ́n fẹ́ kí ilé ìṣọ́ rẹ̀ ga ju ti gbogbo ìlú tó yí wọn ká lọ. Wọ́n kọ́ ọ dé ìdajì, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rì, àṣé omi ló wà nísàlẹ̀. Wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n fi pákó ṣe ṣóńṣó kékeré bò ó lórí. Àwọn ará ìlú wá ń pe ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Onífìlà. Bàbá á rẹ́rìn-ín débi tí á fi gbé ayọ́n kalẹ̀. Ó ní, "Àwọn òyìnbó náà mọ bí wọ́n ṣe ń bú ara wọn."

Fèrèsé kan wà níbẹ̀ tí Bàbá máa ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo, nítorí èdè Yorùbá ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kò sì sí Yorùbá mìíràn tí ojú rẹ̀ ń rí láàárín ọ̀sẹ̀. Káfíńtà kan tó ń jẹ́ Tọ́másì ló ṣe àwọn àga ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àwọn míṣọ́nnárì mú un lọ sí Abẹ́òkúta láti bá wọn kan òrùlé ilé ìwé. Ó fẹ́ Àbẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Àìsàn mú un, wọ́n fi ọkọ̀ òkun gbé e padà sílé kó lọ gba ìwòsàn, ó kú, wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tó bá wọn kọ́. Àbẹ̀kẹ́ kò rí sàréè rẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ fi fèrèsé rántí rẹ̀, opó náà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé èdè òun ni kí wọ́n kọ sí i: ỌKỌ MI, SUN RE. ỌNA JIN, ẸSẸ MI KO DE ỌDỌ RẸ.

Bàbá kì í sọ ìtàn yẹn parí. Tó bá débẹ̀, á tọ́ka sókè. "Ojú-ìwé tó kẹ́yìn, Mojí. Kà á fúnra rẹ."

"Màá kà á, sà."

Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi ń sọ pé màá kà á.

Ilé iṣẹ́ aṣọ kógbá wọlé, àwọn ará ìlú náà fọ́n ká, Onífìlà ṣófo. Wọ́n tà á fún ẹni tó fẹ́ pín in sí yàrá yàrá. Bàbá gbọ́, ó sì sáré wá bá àwọn alàgbà wa, àwa tí à ń kọ́ ilé ìjọsìn wa lọ́wọ́ nígbà náà. Ìjọ wa ra fèrèsé Àbẹ̀kẹ́. Ọjọ́ tí àpótí rẹ̀ dé Union City, Bàbá ṣí fìlà kúrò lórí, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé pákó àpótí náà.

Èmi ni ó gbé ìsàlẹ̀ fèrèsé náà fún, ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Èéfín ti bò ó. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mi ò fẹ̀ ẹ́ lójú wò. Mo dorí rẹ̀ kodò lórí tábìlì, bí a ṣe máa ń ṣe kí apá má baà fara kan ibi tó tutù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi òwú àti omi nù ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù sí ìgbéyàwó mi, àfẹ́sọ́nà mi wà ní etí mi lórí fóònù, à ń jiyàn lórí àwọ̀ àga. Mo rí àwọn tóótó dúdú kéékèèké lókè àwọn lẹ́tà. Òwú kàn wọ́n, wọ́n ṣí. Ọ̀dà tó rí iná kì í ṣí bẹ́ẹ̀. Mo ní ìdọ̀tí ni. Mo nù ún mọ́ tónítóní, mo pa fóònù, mo gbé fèrèsé náà nàró.

OKO MI, SUN RE. ONA JIN, ESE MI KO DE ODO RE.

Mo ṣí fọ́tò, mo fẹ̀ ẹ́. Wọ́n wà níbẹ̀, mẹ́jọ, olúkúlùkù jókòó sí àárín gbùngbùn abẹ́ lẹ́tà rẹ̀. Ìdọ̀tí kì í mọ abẹ́ lẹ́tà tó yẹ kó jókòó sí.

Àṣìṣe lèyí tí mo sọ yìí, àṣìṣe kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni kì í ṣe àṣìṣe. Mi ò pe Bàbá. Mo ń sọ fún ara mi pé, ta ló ń kọ àmì lóde òní? Èmi àti ìyá mi, "e kaaro ma" la fi ń kí ara wa lórí fóònù, kò sì sí ìgbà tí kò yé wa. Nílé ìwé mi ní Ìbàdàn, wọ́n ń fìyà jẹ wá tí a bá sọ Yorùbá, kí ló kàn mí kan tóótó abẹ́ lẹ́tà? Wọ́n á mọ̀ ọ́n kà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń wí.

Bàbá wá síbi tábìlì. Ó gbé gíláàsì náà súnmọ́ imú.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, sà."

"Ojú rẹ ni mo gbà gbọ́ o."

Ó mú aṣọ fẹ́lẹ́ rẹ̀, ó fi nu ẹsẹ̀ fèrèsé náà lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ. Mo mú fóònù mi, mo pa fọ́tò yẹn rẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú yín wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìyàsímímọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, tí wọ́n bí ní Atlanta níbí, ni wọ́n ní kó ka ọ̀rọ̀ náà sí máìkì. Ọmọ dáadáa ni, ohun tó rí ló kà. Ẹ mọ ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ní dípò ọkọ. Mi ò lè kọ ọ́ síbí. Àwọn ọkùnrin ń wúkọ́, àwọn ìyá ń fi gèlè bojú, ẹnì kan sì pariwo lẹ́yìn pé, "Ẹ gba máìkì lọ́wọ́ ọmọ yẹn! Ẹ gbà á!"

Màmá Adùkẹ́, ẹni tó fi ogójì ọdún kọ́ni ní ilé ìwé kó tó wá síbí, ló dìde tó rìn lọ síwájú. Ó wọ jígí rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn.

"Àmì dà? Ọkọ ni àbí oko? Ọ̀dọ̀ ni àbí odò? Ta ló tún èyí ṣe?"

Bàbá dìde. Ó ní kí Màmá ka lẹ́tà náà fún òun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá kà á. Bàbá fi ìka tọ abẹ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí afọ́jú. Ó wá kọjú sí ìjọ.

"Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ni. Èmi ni kí ẹ bá wí."

Arákùnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Mo sọ fún yín pé bàbá yìí ò ríran mọ́. Ẹ ò gbọ́." Ẹnìkejì ní, "Wọ́n tiẹ̀ ń fi í pa mọ́ fún wa!"

Mo wà ní àga kẹrin, òrùka tuntun ń dán lọ́wọ́ mi. Mi ò dìde. Mo wo ilẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn mo tilẹ̀ bá wọn mi orí nígbà tí wọ́n ń ṣàánú ojú Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ kún inú mi, itọ́ funfun ni mò ń tu jáde.

Ọ̀rọ̀ náà rìn. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ń gbé fèrèsé wá láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn máa pè wá, wọn kì í sì pè. Nínú ṣọ́ọ̀bù, Bàbá kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó kàn dẹ́kun nínù ohunkóhun. Tí mo bá gbé gíláàsì síwájú rẹ̀, á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á ní, "Ìwọ ṣe é." Mo rò pé ó ń bínú sí mi ni. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò yé mi títí di ọdún yìí.

Ìgbà yẹn ni mo lóyún. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọ́n rí òjé níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, "Mà, iṣẹ́ yẹn tàbí ọmọ yìí." Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Gbogbo èèyàn ní ìyá rere ni mí. Òótọ́ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé inú mi dùn láti lọ, oyún ṣí ilẹ̀kùn tí mo ti ń wá. Bàbá gbàdúrà fún mi, ó sì fi ìwé pẹlẹbẹ yẹn ta mí lọ́rẹ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó kó lọ sọ́dọ̀ Ṣèyí, ọmọ rẹ̀, ní Hampton.

Ibi tí mo ti ń fún ọmọ lọ́mú ni mo ti wá ka ojú-ìwé tó kẹ́yìn. Wọ́n kọ síbẹ̀ pé nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fèrèsé náà sókè, kò ní àmì. Ẹni tó ya gíláàsì rò pé tóótó wọ̀nyẹn jẹ́ yíǹkì tó ta sórí lẹ́tà Àbẹ̀kẹ́. Ẹnì kan ya àwòrán fèrèsé náà sórí ìwé, ó fi ránṣẹ́ sí i ní Abẹ́òkúta. Obìnrin náà kọ lẹ́tà padà, ó bẹ̀ wọ́n nítorí Ọlọ́run kí wọ́n fi àmì sí i, pé bí kò bá sí níbẹ̀, kì í ṣe ọkọ òun ni òun ń pè. Wọn kò lè tú fèrèsé náà sílẹ̀ mọ́. Ọkùnrin oníṣẹ́ gíláàsì náà gun àkàsọ̀, ó fi ọwọ́ kùn ún síbẹ̀ láìfi í sínú iná. Ìdí nìyẹn tó fi rọrùn fún òwú mi.

Òyìnbó tí kò gbọ́ Yorùbá rò pé yíǹkì ni, ó sì tún un ṣe nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo sì mọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, mo dákẹ́. Mo gbé ọmọ mi mọ́ra, mo sunkún títí ọmú fi bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Síbẹ̀ mi ò lọ. Ó tó ọdún kan àtààbọ̀ sí i. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, wọ́n ní ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa fi bá a; tèmi, èmi gan-an ni mò ń sá níwájú òtítọ́. Ìgbà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ wá bá mi pé kí n kọ nípa iṣẹ́ mi, tí ọ̀kan nínú yín sì fẹ̀rín kún un pé, "Àǹtí Mojí, ẹ má gbàgbé Fèrèsé Afọ́jú o," ni mo rí i pé n kò lè kọ ọ́ láìkọ́kọ́ lọ sí Hampton.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Bàbá. Ó rí mi láti ojú fèrèsé kí n tó kan ilẹ̀kùn.

"Mojísọ́lá! Gbé ọmọ yẹn wá kí n wò ó. Áà, imú bàbá rẹ̀ ló gbé wá, kò mú nǹkan kan lára tìẹ."

Ó gbé e lé itan. Mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo nù ún."

"Kí lo nù?"

"Àmì ara fèrèsé Àbẹ̀kẹ́, sà. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo mọ̀ kí ẹ tó dé ìdí tábìlì. Mo purọ́ fún yín."

Ìró àwọn ọkọ̀ eré ìje ń hó láti pápá wọn lókèèrè. Bàbá gbé ọmọ mi kalẹ̀, rọra.

"Mo fi aṣọ nù ún," ó ní. "Lẹ́ẹ̀mẹta."

"Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́ nígbà yẹn, sà."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, iwájú, ẹ̀yìn.

"Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo ọwọ́ yìí bí ọwọ́ olè. Mo ní ojú mi ti fọ́ débi pé mo fi aṣọ pa ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn rẹ́, mi ò mọ̀. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù, Mojí. Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ara mi ló bà mí."

Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń sunkún. Ó ní kí n dìde.

"Orúnkún rẹ kọ́ ni mo ń wá. Èmi nìkan lo wá sọ fún? Ṣé èmi ló ń sọ káàkiri Lithonia pé ojú mi ti fọ́?"

"Rárá, sà. Ìjọ ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa sì ní kí n kọ̀wé nípa iṣẹ́ mi fún wọn."

"Ṣé wọ́n ní kí o kọ̀wé? Kọ ọ́ síbẹ̀. Má bù kún un, má bù kúrò."

Láti ìgbà náà, Bàbá ti bá àwọn alàgbà sọ̀rọ̀. Ó máa kun àmì mẹ́jọ náà sórí gíláàsì fẹ́lẹ́ mìíràn, á fi í sínú iná bó ṣe yẹ, wọ́n á sì gbé e sẹ́yìn ti àkọ́kọ́, tí lẹ́tà á fi rí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a gé gíláàsì náà. Ó ní, "Jókòó ti ọmọ rẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ ń yan iṣẹ́, iṣẹ́ tó wù yín ni kí ẹ yàn. Iṣẹ́ mi dùn, kò sí èyí tí mo tún fẹ́ràn tó o. Ṣùgbọ́n gbogbo iṣẹ́ ló ní ibi tí ẹlòmíì ti máa fi ojú rẹ ríran, tí á bi ọ́ pé ṣé gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi mọ ohun tí mo sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń pe fèrèsé wa ní Fèrèsé Afọ́jú, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni kí ẹ máa pè ní afọ́jú. Ojú Bàbá Ṣèyí kò ba nǹkan kan jẹ́.

Kí n tó fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí yín, mo gbé e lọ kà fún Bàbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dijú, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo parí, ó ní ó dára, àfi gbólóhùn kan nítòsí ìparí tó ní kí n yọ kúrò, ibi tí mo kọ ọ́ sí pé ó ti dárí jì mí. Ó ní òun kò tíì sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ti yọ ọ́.